Bí Mo Ṣe Gbé Òkun Wá sí Parakou

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ tijú, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi kọ́lé, tí mo fi fẹ́yàwó, tí mo fi rán ọmọ márùn-ún lọ sílé ìwé, òun ni títọ́jú òkun nínú ilé. Ní Parakou ni o, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ rí òkun yóò wọ ọkọ̀ ojú irin láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé, mo ti ń tọ́jú òkun fún oṣù márùn-ún gbáko kí ojú mi tó kan òkun.

Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ nílé, àbíkẹ́yìn mi a máa ní, "Pàpá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Òun náà ló wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe. Ó ní gbogbo yín lẹ fẹ́ jókòó sí búrò, ìyẹn ọ́fíìsì. Búrò dára, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àga ibẹ̀ ń yí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn rárá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, Dàhòmè ni orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ti gba ìwé ẹ̀rí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí yẹn ni mo fi ń ru ẹrù ní ọjà Arzèkè. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń gbé ní Albarika. Ìyá Kọlẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyá mi ni èmi ń pè é. Ará Ṣábẹ̀ ni wá, irú tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ló sì ń ṣe tà. Lọ́jọ́ kan, mo ru gíláàsì pẹlẹbẹ márùn-ún láti lagáà, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gúnlẹ̀, lọ sí ilé olùkọ́ kan ní Titirou. Mùsíè Adékànbí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Kétu, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní sáyẹ́ǹsì. Ìkankan kò fọ́ nínú gíláàsì náà. Ó wo gíláàsì, ó wo ọrùn mi, ó ní kí n padà wá lọ́la. Iye tó ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ju ti aláàárù lọ, kò sì tó ti ọba.

Ohun tó ń da Mùsíè láàmú ni pé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kò mọ òkun. Ó ní kí wọ́n ya òkun sórí bébà, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ aró kun ún, wọ́n sì ya erinmi méjì sí àárín rẹ̀. Ọmọ kan tilẹ̀ ya afárá lé e lórí. Mùsíè bá búra níwájú gbogbo kíláàsì pé, lọ́jọ́ àpèjẹ ìparí ọdún, àwọn àti òbí wọn yóò wá rí òkun nínú pálọ̀ òun, pẹ̀lú òkúta rẹ̀ àti ẹja rẹ̀ láàyè. Ọmọ Kétu kì í sì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ṣe férémù irin, a to gíláàsì sínú rẹ̀, a fi ọ̀dà dídú dí gbogbo ojú irin pátá, torí omi òkun a máa jẹ irin bí ẹni ń jẹ iṣu. Mùsíè ń pè é ní akuwaríọ̀mù. Ahọ́n mi kò lè gbé e nígbà náà, àpótí òkun ni mo ń pè é. Omi fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Kutọnu nínú ìgò ńlá oníkùn, bí èrò tó san owó ọkọ̀. Iyanrìn etíkun bá a wá. Lẹ́yìn náà ni òkúta dé, tí wọ́n yọ lára àwọn tí wọ́n fi ń dí ìgbì létí òkun. Àpò tútù ni wọ́n fi wé wọn. Ewéko wà lára wọn, ìkarawun wà lára wọn, àwọn aràn pínníṣín ń yọjú nínú ihò wọn.

"Èyí kì í ṣe òkúta," Mùsíè sọ fún mi. "Ìlú ni. O kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

Mo rò pé àwàdà ni. Fún oṣù kan gbáko, n kò fọwọ́ kan omi. Bí mo bá máa sún mọ́ ọn rárá, màá kọ́kọ́ fi omi lásán fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, láìsí ọṣẹ. Láràárọ̀, ní agogo mẹ́fà, màá jókòó níwájú àpótí, màá kọ ohun tí ojú mi rí àti ohun tí imú mi gbọ́ sínú kàyé kan, ìwé ìkọ̀wé. "Ó dára" kì í ṣe ìdáhùn lójú Mùsíè. Lọ́jọ́ kìíní ó bi mí pé kí ni mo gbọ́.

"Òórùn, Mùsíè."

"Òórùn kí ni?"

"Òórùn omi."

Ó ní òun náà ní imú. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ títí tèmi yóò fi lọ sílé ìwé. Mo jókòó títí di ọ̀sán. Nígbà tó fi máa padà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti kọ ọ́ pé omi ń rùn bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà rìn láti Kandi wá. Ó kà á, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fún mi lóúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ń bá ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń fún omi ní atẹ́gùn. Rọ́bà inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Màá fi pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ títí yóò fi wú bí ikùn ọlọ́jà, okùn rọ́bà tín-ín-rín kan, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn, ni yóò sì máa gbé atẹ́gùn náà lọ sísàlẹ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Yóò máa hó wúyẹ́wúyẹ́. Bó bá ti ń rọ̀, màá tún fẹ́ ẹ. Apá ọ̀tún mi ju ti òsì lọ títí dòní. Ẹ bi télọ̀ mi. Tí ọyẹ́ bá sì dé, ọyẹ́ Parakou tí ẹ mọ̀ yẹn, òun náà a máa mu nínú omi náà, ṣùgbọ́n kì í mu iyọ̀. Nítorí náà a mú ìgò oògùn kékeré kan, a kó iyanrìn sínú rẹ̀, a fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i lọ́rùn, a gbé e sójú omi. Bó bá léfòó kọjá ìlà náà, iyọ̀ ti pọ̀ jù, mo ní láti bu omi òjò sí i. Èmi kọ́kọ́ fẹ́ bu omi òkun sí i. Mùsíè gbá mi létí. Mo ti dárí jì í.

Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ẹ̀kọ́ ìdúró. Mùsíè ṣàlàyé fún mi pé ìgbẹ́ ẹja àti ìjẹkù oúnjẹ a máa di májèlé nínú omi. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ojú kò lè rí, tó ń gbé lára òkúta àti nínú iyanrìn, tí májèlé yẹn jẹ́ oúnjẹ fún wọn. Kí wọ́n tó pọ̀ tó, a kò gbọ́dọ̀ kó ẹja sí i. "A kì í kó àlejò sílé," ó ní, "kí á tó wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mùsíè. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní ìwé ti ba orí ọmọ Kétu yìí jẹ́.

A dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà a kó ẹja kéékèèké abilà mẹ́fà sí i, dúdú lórí ìyeyè, wọ́n sì wà láàyè. Wọ́n mọ ìṣísẹ̀ mi. Bí mo bá wọlé, wọn a sáré wá sí ojú gíláàsì bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ tọjà bọ̀. Oṣù méjì kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọ̀gá. Ẹ mọ ohun tí ń tẹ̀lé ìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Mùsíè lọ sìnkú ní Kétu. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wá kí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì. Ẹ sì rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Ní ilé Ìyá Kọlẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ Sátidé ni a ń fọ àmù. Omi Sátidé kò gbọ́dọ̀ bá ìdọ̀tí ọjọ́ Jímọ̀ nínú àmù; bí ìka rẹ̀ bá yọ̀ lára àmù nígbà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, o kò ní jẹun alẹ́. Mo wá wo àpótí òkun. Òkúta ti hu irùngbọ̀n àwọ̀ ewé. Gíláàsì ti yọ̀. Ojú tì mí fún ilé náà. Mo kó gbogbo òkúta síta, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn àti eérú gbo wọ́n, mo fi omi kànga ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sá wọn sóòrùn. Nígbà tí mo tò wọ́n padà, funfun ni wọ́n ń dán bí eyín ìyàwó tuntun. Mo pe Màdáàmù, ìyàwó Mùsíè, wá wò ó. Ó ní ọlọ́wọ́ mímọ́ ni mí. Gbogbo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló yìn mí.

Kí Mùsíè tó dé lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti léfòó.

Ó dúró níbẹ̀ tòun ti àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pariwo. Ì bá wù mí kó pariwo.

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Kàn-ìn-kàn-ìn àti eérú, Mùsíè."

"O fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Mùsíè."

Ó jókòó. Ó ní, "Benuwá, gbogbo àwọn tó ń gbálẹ̀ lo pa."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé àwọn tí ojú kò rí wà lóòótọ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìmọ́tótó pàápàá ní àṣejù. Mùsíè wá sọ ọ̀rọ̀ tó gba oorun lójú mi fún oṣù méjì. Ó ní àpèjẹ ìparí ọdún ku oṣù méjì. Bí ẹja bá wà láàyè nínú àpótí náà lọ́jọ́ yẹn, mo ní iṣẹ́. Bí kò bá sí, òṣùká mi ṣì wà ní Arzèkè. Ó ní kí n da omi nù, kí n da iyanrìn nù, kí a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró ná. Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ̀rọ̀ àwọn ọdún tó kù, torí bí mo bá débi tó dùn tán, n kò ní fẹ́ padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn àpótí yìí, mo ṣe òmíràn fún ilé dókítà kan, mo ṣe fún òtẹ́ẹ̀lì kan, mo ṣe fún ọlọ́jà aṣọ kan tó kàn fẹ́ kí ojú máa ta orogún rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà mí sí yàrá sáyẹ́ǹsì wọn, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Pọ́ọ̀ǹpù oníná dé, ó ń kùn bí eṣinṣin, rọ́bà táyà lọ sinmi. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ gíláàsì mọ́ gíláàsì láìsí irin dé, ìpẹtà di ìtàn. Iyọ̀ inú páálí dé, tí a ń pò mọ́ omi òjò tó sì ń di òkun, ọkọ̀ ojú irin kò tún rí ìgò mi mọ́. Ní ìkẹyìn, oògùn kan dé tí a ń kán sínú omi: bó bá di àwọ̀ báyìí, májèlé wà, bó bá di tọ̀hún, májèlé ti tán. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa kán an. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kán an, imú mi ti sọ ọ́, kò sì tíì parọ́ fún mi rí. Ibi tí imú náà ti gboyè ni mo ń padà sí báyìí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni omi tuntun lò kó tó dé láti Kutọnu. Òkúta tuntun bá a dé, ṣùgbọ́n oòrùn ti mú wọn lójú ọ̀nà, ìdajì ohun tó wà lára wọn ti kú. A tò wọ́n síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin òórùn náà dìde. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe òórùn kékeré. Màdáàmù gbé tábìlì oúnjẹ lọ sí ìta. Aládùúgbò kan wá bá wa kẹ́dùn, ó ní òun kò tíì mọ ẹni tó kú ṣùgbọ́n òun gbọ́. Omi funfun bí omi ògì. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni òórùn ń yí padà, ṣùgbọ́n kò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ ogún, ó ti ń ta ni nímú bí ibùjẹ ẹṣin àwọn Bàrìbá lákòókò òjò. Mùsíè, tó kọ́ mi ní ìdúró, òun gan-an ni kò lè dúró mọ́. Ìwé tó ń kà, ìlú olótùútù ni wọ́n ti kọ ọ́, kò sọ ohun tí a ń ṣe bí pálọ̀ bá ń rùn báyìí. Ó ní lọ́la a óò dà á nù.

Mo ṣírò ọjọ́. Bí a bá dà á nù, kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lè gbé omi mìíràn dé lásìkò. Ẹ̀rí wà lórí ìka mi pé mo ti padà sí Arzèkè.

Mo délé, n kò lè jẹun. Ìyá Kọlẹ́ẹ̀tì ń fi ewé bo irú nínú igbá. Ó bi mí, mo rò fún un. Lójúmọ́ ọjọ́ kejì ni mo rí i tó wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n máa lọ níwájú.

Nígbà tí a dé Titirou, Mùsíè ti ká ṣòkòtò, ó ti gbé korobá sílẹ̀. Ìyá mi kí i dáadáa, ó kí Màdáàmù, ó sì lọ síwájú àpótí òkun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa òórùn náà símú lẹ́ẹ̀mejì, gígùn, bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó bi mí bí ó ṣe rùn lọ́jọ́ kẹrin. Mo ní bí òkú. Ó mi orí.

"Òórùn òkú ti lọ. Èyí tó ń ta yìí, òórùn iṣẹ́ ni. Irú ọjọ́ kejì nìyí. Mùsíè, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ṣí irú lọ́jọ́ kejì, tó ta mí nímú, tí mo sì dà á nù, kí lẹ máa fi se ọbẹ̀?"

"Ìyá, irú kọ́ nìyí."

"Mo rí i. Irú kì í gbé inú gíláàsì. Aṣọ wo lẹ fi bò ó?"

Mùsíè wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ìyá mi bá jókòó, ó ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé pé aṣọ tí wọ́n fi ń bo irú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí ohun tó ń mú irú jinná wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi aṣọ tuntun bo irú tuntun, yóò jinná ṣá, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ẹni tó bá fi aṣọ àtijọ́ bò ó, wéré ni. Obìnrin tó ń fọ àmù títí ó fi ń dún, obìnrin yìí kan náà ni kì í fọ aṣọ irú. Odindi ọdún méje ni mo fi gbé pẹ̀lú rẹ̀, n kò sì bi í ní ìdí.

"Ẹ fi èyí sílẹ̀," ó ní. "Ó ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ló kéré. Níbo ni ti àtijọ́ wà?"

Mùsíè yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. Omi àtijọ́ ti lọ. Òkúta àtijọ́, èmi ni mo gbo wọ́n pa. Ṣùgbọ́n iyanrìn, ìyẹn kò ṣeé fi kàn-ìn-kàn-ìn gbo.

"Iyanrìn tí mo ní kí o dà nù ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́ yín ní ìwà rere níhìn-ín. Ẹ má bínú. N kò dà á nù. Ó wúwo, ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, mo gbé e sínú abọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná pẹ̀lú omi díẹ̀ lórí rẹ̀, mo ní màá dà á lọ́la, gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀lé e ló sì ń jẹ́ òní.

"Ọ̀lẹ ni mí, Mùsíè," mo ní. "Ó wà lẹ́yìn ilé."

Ó sáré. Èmi kò rí Mùsíè kó sáré rí. Ó bu iyanrìn náà sínú ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀ tó fọ̀ mọ́, a so ó, a fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń hó nínú omi. Ìyá mi ní ó kù sí wa lọ́wọ́, ó gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, títa náà dín kù. Lọ́jọ́ kẹfà, omi mọ́, mo rí òkúta ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo wọlé lágogo mẹ́fà, mo fi imú kan ojú omi, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún fa imú. Òórùn òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan iyanrìn ni mo gbọ́, kò sí òmíràn. Mo pe Mùsíè. Òun náà fa imú. Ó ní kí n lọ mú ẹja wá fúnra mi, kí n má fi rán ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe rí òkun nìyẹn. Mo dúró létí rẹ̀ ní Kutọnu, mo ní, "Ìwọ náà nìyí." Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti tèmi lọ. Àwọn apẹja bá mi mú ẹja abilà méje àti akàn kan, mo kó wọn sínú ìgò oníkùn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà, mo sì ń fi pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ fún wọn ní atẹ́gùn láti ibùdó dé ibùdó. Ìyá kan láti Ìdàáṣà jókòó tì mí.

"Ọmọ mi, ṣé ara ẹja yìí ò yá ni?"

"Ara wọn yá, Màmá. Atẹ́gùn ni mò ń fún wọn."

Ó bojú wo inú ìgò náà. "Ọkọ mi kì í lè mí dáadáa bó bá sùn," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò fún un ní atẹ́gùn rí."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá mi rẹ̀, ìyá náà ló kọ́kọ́ gba pọ́ọ̀ǹpù náà lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn rẹ̀ ṣọ́jà kan, lẹ́yìn rẹ̀ àlùfáà kan tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹja méjì kú lọ́nà. Márùn-ún àti akàn wọ Parakou láàyè, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé àwọn ló bí wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àpèjẹ náà. Ọ̀wọ́ ọmọ ilé ìwé tò láti pálọ̀ Mùsíè dé ojú títì. Ẹja ń wẹ̀, akàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí òkúta, ohun kan tó dà bí òdòdó là lára òkúta náà, ó sì ń na ọwọ́ mú edé jẹ. Àwọn ọmọ tó ń pariwo níta, bí wọ́n bá ti wọlé, wọn a dákẹ́. Ọmọ kan rọra bi mí pé ibo ni erinmi wà. Mo ní ó lọ kí àwọn ará rẹ̀.

Ìgbà náà ni bàbá àgbà Bàrìbá kan, tó ní ọmọ nílé ìwé náà, sọ pé irọ́ ni. Ó ní omi odò ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní aró lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ká apá aṣọ, ó fẹ́ ti ìka tó fi ń jẹ ọbẹ̀, tó sì fi ń bó obì, bọ inú àpótí òkun, àwọn òbí tó kù sì ti ń ká apá aṣọ tiwọn lẹ́yìn rẹ̀. Mùsíè kò lè dá bàbá náà dúró. Àgbàlagbà ni, àlejò sì ni. Mo rí ogójì ìka tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà láàárín òun àti àpótí. Mo ní àgbà kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi mu nílé onílé, kó jẹ́ kí n bù ú fún un. Mo sáré bu omi òkun tó ṣẹ́ kù nínú ìgò sínú igbá, mo fi síbí gbé e fún un.

Ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ rún. Ó tu ú dànù. Ó wá na síbí náà padà sí mi, ó ní kí n bu òmíràn wá. Ó yípadà sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ fún wọn ní èdè wọn pé òkun ni, pé òun ti mu òkun, kí wọ́n tò sórí ìlà. Wọ́n tò. Títí oòrùn fi wọ̀ ni mò ń fi síbí bu òkun fún gbogbo Parakou, ẹja márààrún sì ń wò wá.

Mùsíè bá gbogbo ènìyàn bọ ọwọ́. Èmi nìkan ni kò bá sọ̀rọ̀. Mo gbálẹ̀, mo fẹ́ rọ́bà táyà kún, mo dúró díẹ̀, mo lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò mọ ibi tí màá kọjú sí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé mo ní iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé n kò ní. Mo jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé nínú àgbàlá, láìwọ bàtà, Ìyá Kọlẹ́ẹ̀tì ń da irúgbá tó ti sè sínú ọpọ́n. Mo gbọ́ aago kẹ̀kẹ́. Mùsíè Adékànbí, tí kò tẹ Albarika rí, gun kẹ̀kẹ́ wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi láàárín èèpo irúgbá, ó dìde, ó fa kàyé tuntun yọ lápò.

"Ìyá, mo wá kọ́ṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ èèpo kúrò lára irúgbá, Mùsíè, kì í ṣe bírò."

Ó bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò. Ó wọ inú ọpọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, odindi olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá mi sì ń sọ fún un pé kó má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa ejò. Mo la ẹnu sílẹ̀, mo ń wò ó. Ìgbà náà ló tó rí mi.

"Benuwá, agogo mẹ́fà ti kọjá," ó ní. "Kí lò ń wò? Ta ló máa fún ẹja lóúnjẹ?"

Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sáré láti Albarika dé Titirou.